Mo Dé Avalon, Ìlú John Hurt Onígìtá

 

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà, ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé ṣé mo rí New York. N ò rí New York o. Memphis ni mo lọ, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, nílé ọmọ wa kan tó tẹfá lọ́wọ́ mi láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìyàwó ẹ̀ bímọ, wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣe àkọsẹ̀jayé ọmọ náà. A ṣe é, ó sì dára. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́fà kí n tó wọ bàálù padà sílé, ìjókòó ti sú mi, nítorí ní àdúgbò wọn lọ́hùn-ún, èèyàn kì í ṣàdédé yà kí aládùúgbò. Ni ọmọ wa bá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Avalon."

Mo ní kí ló wà ní Avalon. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé gìtá ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ìyàwó ẹ̀ di adìyẹ díndín àti búrẹ́dì fún wa, a gbọ̀nà.

Oṣù Kẹwàá ni. Láti Memphis, ọ̀nà márosẹ̀ 55 ló gba inú ìpínlẹ̀ Mississippi lọ síhà gúúsù. Igbó ni lọ́tùn-ún lósì, kò sí ohun tí mo lè sọ nípa ẹ̀. Àfi ìgbà tí a dé Grenada, tí a yà kúrò lórí ọ̀nà ńlá, tí a bọ́ sí ọ̀nà 7 tó lọ sí Greenwood. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti yí padà lójú mi. Lápá òsì wa, òkè tí igbó bò ni. Ìtàkùn kan wà tí wọ́n ń pè ní kudzu, láti Japan ni wọ́n ti gbé e wọ Amẹ́ríkà. Ó gun igi, ó gun òpó iná, ó bo ilé àtijọ́ mọ́lẹ̀. Lápá ọ̀tún, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, ó ń lọ títí ojú ò fi rí ibi tó parí sí. Delta ni wọ́n ń pe ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn. Oko òwú ni.

Òwú tí èmi mọ̀ ni èyí tí ìyá ìyá mi máa ń ran lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ekún igbá kan. N ò mọ̀ pé ó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àsìkò ìkórè ni, gbogbo oko funfun báláú. Ẹ̀rọ ló ń já a, òun náà ló ń dì í ní ìdì rìbìtìrìbìtì tó sì ń fi ọ̀rá yẹ́lò wé e, ìdì kan ga ju èèyàn lọ. Mo yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, mo ń ṣe hà. Ọmọ wa kò ṣe hà ní tirẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó ní ìyá bàbá òun fi ọwọ́ já òwú lórí ilẹ̀ yẹn kó tó kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Memphis. Ni mo bá dákẹ́.

Ó wá tan orin nínú ọkọ̀. Gìtá kan, ohùn ọkùnrin kan. Ó ní, "Ẹni tí a ń lọ kí nìyí."

Avalon wà níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti òkè ti pàdé, ní Carroll County. Òótọ́ ni ọmọ wa sọ. Kò sí ọjà, kò sí ààfin, ilé tí mo rí kò pọ̀. Ohun tó jẹ́ kí a mọ̀ pé a ti dé ni pátákó irin kan tí wọ́n kọ orúkọ Mississippi John Hurt sí. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ìpínlẹ̀ náà, níbikíbi tí olórin blues pàtàkì kan bá ti wá. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, blues ni orin tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹrú dá sílẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, nínú oko, nídìí iṣẹ́ rélùwéè, àti níbi tí wọ́n ti ń najú lálẹ́ Sátidé.

Ní nǹkan bí ọdún 1893 ni wọ́n bí John Hurt ní Teoc, nítòsí Avalon, Avalon ló sì dàgbà sí. Ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìyá ẹ̀ ra gìtá fún un. Òun fúnra ẹ̀ sọ iye tí ìyá òun rà á: dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 50. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ń ta á títí ó fi mọ̀ ọ́n, ó sì ń ta á níbi ijó àwọn ará ìlú ẹ̀. Iṣẹ́ oko ló fi ń jẹun. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti ń dáko, bí ìkórè bá dé, onílẹ̀ á mú tiẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè fún ìgbà díẹ̀, níbẹ̀ ló ti gbọ́ orin àwọn tó ń kan ìṣó mọ́ irin ojú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ó ṣe ń ta gìtá yẹn, nítorí ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkùnrin yìí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa dùndún, yóò tètè yé yín. Àtàǹpàkò ẹ̀ ni omele. Orí àwọn okùn tó nípọn ló wà, ó ń lọ ó ń bọ̀, kì í yára, kì í falẹ̀, kò sí ohun tó lè gbé e kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀. Ìka méjì tó kù ni ìyáàlù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fò, wọ́n ń dá àtàǹpàkò lóhùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé èèyàn méjì ló jókòó. Ìgbà míì, bí ó bá kọrin dé àárín gbólóhùn, á pa ẹnu mọ́, gìtá á bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí ọmọ wa dá orin náà padà kí n tún ibẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá ti rí onílù tó fi ìlù parí òwe tí àgbà kan bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Ohùn ẹ̀ kò le. Ó ń kọrin bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà ló fi ń sọ ìtàn ìpànìyàn o! Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Stack O' Lee, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ní ìlú St. Louis lọ́dún 1895, tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ẹnì kejì ẹ̀ níbi ọtí nítorí fìlà. Fìlà! N ò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo orin ẹ̀ ni mo lè gbé sí etí ọmọdé, àwọn kan wà tí bàbá náà ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ó sì tún ń kọ orin ìjọ. Ọmọ wa ní ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Kírísítì ìgbà yẹn gbà pé orin Sàtánì ni blues, ẹni tó bá ń kọ ọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan náà kọ orin ìjọ. John Hurt ń fi ẹnu kan náà kọ méjèèjì, orí gìtá kan náà.

Bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Òyìnbó kan wà ní Avalon tó ń jẹ́ Willie Narmour, tó ń ta fáólìnì, ìyẹn gòjé òyìnbó. Òun àti John Hurt máa ń ṣeré pọ̀ nígbà míì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilẹ̀ wọn ìgbà yẹn ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Nígbà tí ọkùnrin ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Okeh wá bá Narmour, tó bi í bóyá ó tún mọ olórin míì ládùúgbò, Narmour dárúkọ John Hurt. Ní oṣù Kejì ọdún 1928, wọ́n mú un lọ sí Memphis, ó kọ orin mẹ́jọ, méjì péré ni wọ́n gbé jáde. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ní kó wá sí New York. Ilé-iṣẹ́ náà ló fi "Mississippi" ṣíwájú orúkọ ẹ̀ kí àwo lè tà.

Ẹ wo àgbẹ̀ kan láti Avalon, ní New York, nínú òtútù oṣù Kejìlá, tí Kérésì ku ọjọ́ díẹ̀. Ilé ń sọ ọ́. Ọjọ́ 21 oṣù náà, ó kọ orin kan nípa ìlú ẹ̀ sínú àwo. Ó dárúkọ Avalon gbangba nínú orin náà. Avalon Blues ni wọ́n sì ń pè é. Ó kọ ọ́ tán, ó gba owó iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ta ló rí owó ra àwo? Okeh kò ránṣẹ́ sí i mọ́. John Hurt padà sídìí ọkọ́. Láti ọdún 1928 títí di ọdún 1963, ọdún 35 gbáko, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó tún gbé ohùn ẹ̀ sínú àwo. Ó ń dáko, ó ń da màlúù, ó ń ta gìtá fún àwọn ará ìlú ẹ̀ nígbà tó bá rí gìtá ta.

Àwọn àwo náà kò kú. Ní ọdún 1952, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry Smith ṣa orin àtijọ́ jọ sínú àwo ńlá kan, ó mú méjì nínú ti John Hurt sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ìgboro bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe dá. Ta ni? Níbo ló wà? Ṣé ó ṣì wà láyé? Ẹnì kan kò mọ̀.

Orin Avalon yẹn ló tú àṣírí. Àwọn tí ń wá a ní Washington gbọ́ orúkọ ìlú náà nínú ẹ̀. Wọ́n wo máàpù ìgbà yẹn, Avalon kò sí níbẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n rí ìwé máàpù ọdún 1878 kan, ni wọ́n rí i níbẹ̀, láàárín Greenwood àti Grenada. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tom Hoskins, wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ọdún 1963. Ó béèrè lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan bóyá wọ́n mọ John Hurt. Wọ́n ní kó máa lọ lójú ọ̀nà báyìí, kó ka àpótí lẹ́tà. Kò sí ìṣòro kankan. Gbogbo ará Avalon ló mọ ilé ẹ̀ látọjọ́ yìí wá.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí John Hurt rí òyìnbó àjèjì lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé agbófinró ló wá mú òun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mississippi ọdún 1963 ni. Money kò jìnnà sí Avalon, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Emmett Till lóru ní ọdún 1955, tí wọ́n sì pa á, nítorí wọ́n ní ó súfèé sí obìnrin òyìnbó. A kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wó, igi ti hù níbẹ̀. Nítorí náà, bí òyìnbó bá dé ilé àgbẹ̀ dúdú kan láìsọtẹ́lẹ̀, àyà onílé gbọ́dọ̀ já. Ó tó ọmọ àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, kò sì ní gìtá tara ẹ̀ lọ́wọ́. Ti àlejò ló gbà. Ọwọ́ ti le díẹ̀, àmọ́ àtàǹpàkò kò gbàgbé.

Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ó ti wà níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn níbi àjọ̀dún orin Newport. Ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà gba orin ẹ̀ sílẹ̀. Ó kó lọ sí Washington, ó ń kọrin káàkiri, ó tún ṣe àwo tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní New York tilẹ̀ yọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Lovin' Spoonful, látinú orin kọfí kan tó kọ. Ọdún mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀. Ó padà sí Mississippi, Grenada ló sì kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1966.

A fẹ́ lọ wo ilé ẹ̀. Ilé pákó ni, olórùlé páànù, ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin ló gbà á lọ́wọ́ ìparun tó sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n iná jó o ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ọmọ wa ti mọ̀, kò fẹ́ sọ fún mi nínú ọkọ̀. Ó ní òun ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó jó o, òun ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, òun sì ta gìtá níbẹ̀. Ó dúró lójú kan náà fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi ọwọ́ júwe fún mi: yàrá rèé, ọ̀nà rèé. Èmi ń wo koríko.

A gun òkè lọ sí itẹ́ òkú, inú igbó ni, ọ̀nà ibẹ̀ kò dára rárá. Òkúta ibojì ẹ̀ wà lábẹ́ igi. Àwọn èèyàn ti kó owó ẹyọ jọ sórí ẹ̀, àti ike kéékèèké tí wọ́n fi ń ta gìtá, bẹ́ẹ̀ ìka lásán ni bàbá yìí fi ń ta á. Ọmọ ìjọ Kírísítì ni, n ò fi Ifá dà á láàmú. Omi tútù ni mo ta sílẹ̀, mo kí i gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ọmọ wa mú gìtá, ó ta orin Avalon náà. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń bínú sí ara ẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, ará ibí kò ní bínú.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó fi ọ̀nà tó lọ sí ibojì Robert Johnson hàn mí nítòsí Greenwood. Olórin blues tó kú lọ́dún 1938 ni. Ibi mẹ́ta ló ń jà sí i pé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n sin ín sí. Òun ni wọ́n ń sọ pé ó lọ sí oríta lóru, tó fi ẹ̀mí ẹ̀ ra ọwọ́ tó fi ń ta gìtá. Ọmọ wa ní àwọn kan máa ń bi òun bóyá Èṣù wa ni wọ́n ń sọ. Mo ní kó sọ fún wọn pé Èṣù tí babaláwo mọ̀, ẹbọ ló ń gbé dé ọ̀run, kì í ra ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gìtá ta, kó lọ jókòó tì í bí John Hurt.

Ohun tó ń dà mí láàmú nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti Robert Johnson. Bí John Hurt bá kàn pe Avalon ní "ìlú mi" nínú orin yẹn, níbo ni wọn ì bá ti rí i? Orúkọ kan ṣoṣo. Ó sì mú mi rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá.

Ní nǹkan bí ọdún 1986, Olúwo tó kọ́ mi nífá ṣì wà láyé, èmi ni mò ń gbé àpò wọn káàkiri. Mo ra rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan, mo ń fi gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìlú mẹ́ta ni a lọ láàárín oṣù kan nígbà ọdún Ifá. Ní ọ̀kan nínú wọn, bàbá arúgbó kan dìde, ó kí ìyẹ̀rẹ̀ nínú Ọ̀sá Méjì, apá kan tí n ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí di òní. Mo gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí bàbá náà ń júbà, tó ń dárúkọ ara ẹ̀, tó ń dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ìlú tó ti wá, mo pa rédíò. Mo ń ṣọ́ bátìrì. Mo ní ìjúbà ni, gbogbo èèyàn ló mọ ìjúbà.

Olúwo ti wọlé, n ò lè bi wọ́n mọ́. Mo ti padà sí méjì nínú ìlú mẹ́ta yẹn, wọn ò mọ ohùn náà.

Nígbà tí mo dé láti Amẹ́ríkà, kí n tó tú àpótí mi, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo kọ́kọ́ wá. Ọmọ mi bá mi gbé e sórí fóònù. Ohùn náà ṣì mọ́. Àkùkọ kọ lẹ́yìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, obìnrin kan sì ń kiri ẹ̀kọ jíjinná, ó ń sún mọ́, ó ń jìnnà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń jáde ọdún láti ayé 1980, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Òkè-Ògùn, bí a bá pàdé lọ́jọ́ ìpàdé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Kò gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni.